Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ kò sí lónìí: Ohun tí òfin sọ fún òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tó ń ti Ìgbògbò lọ sí Odogunyan

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Ìgbògbò ni àwọn kan ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn gba ìgboro Ìkòròdú kọjá lọ sí Odogunyan, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń rọ irin, tó ń ṣe ike, tó sì ń ṣe oríṣiríṣi ọjà mìíràn tò sí lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ṣágámù. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí kásúà. Bí wọ́n bá dé ẹnu géètì, wọn yóò tò sórí ìlà, ọ̀gá kan yóò jáde, yóò ka iye ènìyàn tó fẹ́ lò lọ́jọ́ náà, yóò sì sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n máa lọ, iṣẹ́ kò sí lónìí. Ẹni tí wọ́n dá padà ti ná owó ọkọ̀ àlọ, yóò tún ná ti àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rí kọ́bọ̀ mú bọ̀ wálé.

Ǹjẹ́ òfin kan wà tó sọ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn pé kò sí, pé kásúà ni kásúà ń jẹ́, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè wá ibòmíràn gbà lọ. Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà. Òfin wà, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti wà. Lọ́dún 1974, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ni wọ́n gbé dikíríì kan jáde lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Òun ni a ń pè ní Labour Act lónìí, tó sì wà nínú àkójọ òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2004.

Abala 17 nínú òfin yìí ló yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ ojúmọ́ mọ̀ bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè iṣẹ́ tó bá agbára òṣìṣẹ́ mu fún un ní gbogbo ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ náà bá yọjú síbi iṣẹ́, tí ara rẹ̀ sì le, àyàfi ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ àti ọjọ́ ọlidé tí ìjọba kéde. Bí agbanisíṣẹ́ kò bá rí iṣẹ́ fún un ṣe, ó gbọ́dọ̀ san owó ọjọ́ náà fún un, iye kan náà tí ìbá san ká ní ó ṣiṣẹ́ ọ̀hún láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Òfin náà yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́ bá ti jọ fọwọ́ sí àdéhùn tó sọ ohun mìíràn, àdéhùn náà ni wọn yóò tẹ̀lé. Ẹni tó bá ti ba àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, tàbí ẹni tí wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìwà àìtọ́, kò lè béèrè owó yìí. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì kan tàbí ohun tó ju agbára agbanisíṣẹ́ lọ bá dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló di dandan kó san, àkókò náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àfi bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá fi kún un. Ká ní ìjì ṣí òrùlé iléeṣẹ́ ní òru ọjọ́ Àìkú. Owó ọjọ́ Ajé jẹ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tó yọjú lọ́jọ́ Ajé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ẹtì lè má jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ọ̀gá pe ọgọ́ta ènìyàn nígbà tó mọ̀ pé ogójì ni iṣẹ́ wà fún, ìyẹn kì í ṣe ìjì, kì í sì í ṣe pàjáwìrì. Ọgbọ́n ajé ni, òun ló sì yẹ kó ru ẹrù rẹ̀.

Bí ó bá wá rí báyìí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í gba owó ọjọ́ tí wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ nìyí. Àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń sọ pé àdéhùn àwọn àti kásúà ń parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n bá ti sanwó. Lójú tiwọn, ẹni tó bá wá dúró lẹ́nu géètì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń wá iṣẹ́ ni. Bí kì í bá sì í ṣe òṣìṣẹ́, abala 17 kò kàn án.

Labour Act kò túmọ̀ ohun tí kásúà jẹ́, kò sì ya ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀ tí ẹ̀tọ́ wọn kéré sí ti àwọn yòókù nítorí pé ojúmọ́ ni wọ́n ń gbowó. Ohun tó túmọ̀ ni òṣìṣẹ́. Abala 91 sọ pé òṣìṣẹ́ ni ẹni tó bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn láti ṣiṣẹ́ fún un, ìbáà ṣe iṣẹ́ agbára tàbí iṣẹ́ akọ̀wé, ìbáà jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tàbí pé ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, kódà bó jẹ́ pé ìṣe àwọn méjèèjì nìkan ló fi hàn pé àdéhùn wà. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó ti ń wọ iléeṣẹ́ kan náà láti oṣù mẹ́jọ, tí ó ní nọ́ńbà nínú ìwé wọn, tí wọ́n fún ní aṣọ iṣẹ́, tí wọ́n máa ń bá wí bí ó bá pẹ́ dé, tí wọ́n sì máa ń béèrè ibi tó wà bí kò bá yọjú, ó ṣòro láti gbà pé àlejò tó ń wá iṣẹ́ ni lójoojúmọ́. Ìṣe wọn ti fi hàn pé àdéhùn kan wà tó ń bá a lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, tí wọ́n pè é fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́ lè wọlé níwájú adájọ́.

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Alágbàṣe tó wá kọ ebè lóko olóko mọ iye ebè tí wọ́n jọ ṣàdéhùn, ó sì mọ ìgbà tí yóò gbowó rẹ̀. Ìwọ̀fà tí wọ́n fi yáwó pàápàá kì í ṣe ẹrú. Ó ní ìwọ̀n iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó rẹ̀, lẹ́yìn náà àyè wà fún un láti lọ sí oko ara rẹ̀. Àkókò kò ṣàìní olówó nígbà náà. Òṣìṣẹ́ òde òní tí wọ́n ní kó dúró sẹ́nu géètì títí di aago mẹ́wàá, bóyá àyè yóò yọ, ti pàdánù òwúrọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rà á.

Ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní àwọn ọdún tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1931, iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba amúnisìn yí owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ padà sí ti wákàtí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wákàtí tí wọn kò bá fún ènìyàn níṣẹ́, kò sí owó fún un. Ìbínú yìí wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, èyí tí Michael Imoudu padà di olórí rẹ̀. Lọ́dún 1941 ni Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá Gómìnà Bernard Bourdillon ní ilé ìjọba l'Ékòó. Ẹ̀yìn irú ìjà bẹ́ẹ̀, àti ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún 1945, ni ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú òfin iṣẹ́ wa ti wá. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè kọ̀ nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn èwe ń gbà lónìí láìjanpata.

Ẹ̀tọ́ kejì tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ti ìwé. Abala 7 pàṣẹ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ orúkọ àwọn méjèèjì, irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, iye owó àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ojúrere ni ìwé yìí. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan mọ̀ nípa oṣù mẹ́ta yìí ju àwọn òṣìṣẹ́ lọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí kásúà sinmi díẹ̀ nílé nígbà tí oṣù mẹ́ta bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kí wọ́n tó tún pè é padà bí ẹni tuntun.

Ìkìlọ̀ kí wọ́n tó dá ènìyàn dúró náà wà nínú òfin, ní abala 11. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì dé ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Bí agbanisíṣẹ́ kò bá fẹ́ dúró, kí ó san owó àwọn ọjọ́ náà. Kò sí ibi tó ti sọ pé mẹ́gáàdì lè fi ẹnu sọ fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé mọ́.

Lórí iye wákàtí, òfin wa kò lágbára tó bó ṣe yẹ. Labour Act kò dá iye kan pàtó lé pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Àdéhùn láàárín àwọn méjèèjì, tàbí láàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ló ń sọ ọ́. Ohun tó bá lé lórí iye tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ni ófátáìmù. Bí wọn kò bá wá sọ iye kankan ńkọ́? Ibẹ̀ ni wákàtí méjìlá méjìlá, ọ̀sán fún àwọn kan, òru fún àwọn mìíràn, ti rí àyè wọlé sí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ láìsí ẹni tó ń pè é ní ófátáìmù. Síbẹ̀, abala 13 ní ohun méjì tí kò ṣeé yẹ̀: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, àti pé nínú ọjọ́ méje, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sinmi fún odidi wákàtí mẹ́rìnlélógún láìdá a dúró. Ẹni tí wọ́n bá gé ìsinmi ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kù, wọ́n gbọ́dọ̀ dá àkókò náà padà fún un kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, tàbí kí wọ́n san án ní iye ófátáìmù.

Ẹni tí àìsàn bá kọlù, tí dókítà sì kọ ìwé fún un, lè gba owó iṣẹ́ fún ọjọ́ tó tó méjìlá nínú ọdún kan. Ẹni tó bá pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Obìnrin tó lóyún ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, bí ó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìdajì owó rẹ̀, ó kéré tán, kò gbọdọ̀ dúró.

Owó tí wọ́n ń yọ lára owó òṣìṣẹ́ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó ń dun ọ̀pọ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, bí ọjà bá bàjẹ́, wọn a yọ ọ́ lára owó ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Abala 5 kò fàyè gba èyí. Kí agbanisíṣẹ́ tó yọ owó nítorí ohun tó bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí pé àìkíyèsí rẹ̀ ló fà á, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i nínú ìwé. Bákan náà ni ti agbaṣẹ́ṣe tó ń kó òṣìṣẹ́ wọ iléeṣẹ́, tó ń gba owó wọn lọ́wọ́ iléeṣẹ́, tó sì ń yọ tirẹ̀ kó tó fún wọn ní èyí tó kù. Òfin sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa gba ènìyàn síṣẹ́ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ bí ó bá béèrè ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè ọ̀hún lè ná an ní iṣẹ́ rẹ̀.

Odogunyan kò lè gbàgbé ohun tí àìka òṣìṣẹ́ sí lè dá sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó iléeṣẹ́ kan tó ń fi rọ́bà ṣe nǹkan níbẹ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ òru wà nínú ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ wọn. Àwọn tó bá iná náà lọ lé ní ogójì, iye tí oníkálukú ń sọ lẹ́yìn náà kò sì bára mu. Ṣáájú ọjọ́ náà, òfin àwọn ilé ìṣiṣẹ́ ti ọdún 1987 ti sọ ọ́ ní pàtó pé níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú iléeṣẹ́, wọn kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. Òfin kò sọnù lọ́jọ́ yẹn. Àmúṣẹ ni kò sí.

Lórí ọ̀rọ̀ ìjàǹbá, òfin kan wà tó dára gan-an, bóyá èyí tó dára jù fún kásúà nínú gbogbo òfin wa. Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 dárúkọ wọn láìfi bò: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ títí lọ, ẹni tó ń ṣe é fún wákàtí díẹ̀, ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà díẹ̀, ọmọ iṣẹ́, kásúà àti ọmọ ọ̀dọ̀, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà sí àpò NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá gé ìka ènìyàn, kí ó fi tó agbanisíṣẹ́ létí kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé. Agbanisíṣẹ́ náà ní ọjọ́ méje láti fi tó àwọn aláṣẹ létí. Ìwé ìbéèrè fún owó gbà-má-bínú sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ọdún kan tó yí po. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tó fi ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, owó tó tó ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa san fún wọn lóṣooṣù. Iléeṣẹ́ tó bá gbé ẹni tó fara pa lọ sí kẹ́mísí, tó fún un ní owó ọkọ̀, tó sì ní kó máa lọ sílé, ti jẹ gbèsè ju owó oògùn lọ.

Ṣùgbọ́n bí òfin yìí ṣe ṣílẹ̀kùn fún kásúà, òfin owó oṣù tó kéré jù lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í mọ́ ọn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí N70,000. Bí a bá pín in sí ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ènìyàn lè fi ṣiṣẹ́ lóṣù, yóò jẹ́ nǹkan bí N2,692 lójúmọ́. Àmọ́ òfin ọdún 2019 tí wọ́n ṣàtúnṣe sí náà yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀; ó yọ àwọn tó ń gba owó lórí iye ohun tí wọ́n bá ṣe; ó sì yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀. Ìyẹn ni pé ibi tí wọ́n ti ń yin búlọ́ọ̀kù, ilé búrẹ́dì àti iléèwé aládàáni kékeré tó wà káàkiri Ìgbògbò kò sí lábẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ ńlá kan sì lè sọ pé àwọn kásúà òun jẹ́ oníwákàtí díẹ̀. Kí ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó ń ṣe wákàtí méjìlá lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà ti ṣe wákàtí méjìléláàádọ́rin lọ́sẹ̀. Bí ìyẹn bá jẹ́ wákàtí díẹ̀, a kò mọ èyí tí yóò pọ̀.

Àwọn aládùúgbò wa ní Ghana ti sọ ọ̀rọ̀ yìí yé ara wọn. Òfin iṣẹ́ wọn ti ọdún 2003 dárúkọ kásúà, ó sì sọ pé ó gbọ́dọ̀ gba owó tó kéré jù lọ fún gbogbo ọjọ́ tó bá wá síbi iṣẹ́, bí òjò tilẹ̀ dí i lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ sí iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n lè fún un. Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tó bá ti lo oṣù mẹ́fà léraléra lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa wò ó bí òṣìṣẹ́ gidi. Ní Nàìjíríà, ìwé àbádòfin tó fẹ́ fòpin sí ìwà kásúà ti dé iwájú àwọn aṣòfin l'Ábùjá ju ìgbà kan lọ, kò sí èyí tó di òfin nínú wọn.

Àwọn tó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Bírítéènì yóò ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní zero-hours, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀ ń ṣe. Agbanisíṣẹ́ kò ṣe ìlérí wákàtí kankan. Orí fóònù ni òṣìṣẹ́ ti ń wo bóyá iṣẹ́ wà lọ́la. Lọ́dún 2015 ni wọ́n fòfin de agbanisíṣẹ́ tó bá ní kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Lọ́dún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ ni àwọn awakọ̀ Uber, wọn kì í ṣe oníṣòwò tó dá dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni òfin mìíràn tún jáde tó fún àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí tó dájú àti owó bí wọ́n bá fagi lé iṣẹ́ wọn lójijì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa mú un lò. Ẹni tó bá fi òfin tuntun yìí wé abala 17 tiwa yóò rí i pé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò lé lórí ní Lọ́ńdọ̀nù, àwa ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1974, a sì fi sínú àpótí.

Ta ni òṣìṣẹ́ lè fẹjọ́ sùn, nígbà náà? Ó lè lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní agbára láti wọ iléeṣẹ́, kí wọ́n yẹ ìwé wò. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Citizens Mediation Centre, níbi tí wọ́n ti ń parí aáwọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ láìgba owó. Ilé-ẹjọ́ gan-an ni National Industrial Court, tó wà ní Ìkòyí ní ti Èkó. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin ilẹ̀ wa, ti ọdún 2010, ló fún ilé-ẹjọ́ yìí ní àṣẹ lórí gbogbo ẹjọ́ iṣẹ́, títí kan ìwà tí kò bá ìlànà àgbáyé mu. Nínú onírúurú ìdájọ́ rẹ̀, ó ti sọ pé orúkọ tí wọ́n bá pe ènìyàn kọ́ ni òun yóò wò, bí kò ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an láàárín àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè wo ohun tí kò rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn awakọ̀ tó pe Uber lẹ́jọ́ níwájú ilé-ẹjọ́ yìí l'Ékòó, tí wọ́n ní òṣìṣẹ́ ni àwọn, pàdánù ẹjọ́ wọn nítorí pé ẹ̀rí tí wọ́n kó wá kò tó. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún ẹni tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Káàdì tí wọ́n fi ń wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ tí súpáfáísọ̀ fi pè é, alááàtì báńkì tó ń wọlé ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú àpò kan náà, nọ́ńbà inú ìwé, ìwé ọsibítù, gbogbo rẹ̀ ni kí ó tọ́jú. Ẹni tí owó ọwọ́ ni wọ́n ń san fún un lè ra ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ọjọ́ tó wá, aago tó wọlé, aago tó jáde, iye tó gbà, àti ọjọ́ tí wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì. Ìwé náà lè dà bí eré ọmọdé lónìí, àmọ́ níwájú adájọ́, ó sàn fíìfíì ju ọwọ́ òfìfo lọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń dákẹ́. Ẹni tó bá béèrè lónìí, wọn kò ní kà á mọ́ ọn lọ́la, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà. Ìtanràn tó wà nínú Labour Act fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ agbanisíṣẹ́ kò ju N800 lọ, N1,500 fún ẹni tó bá tún un ṣe, owó tí kò lè ra kóńgò ìrẹsì kan. Kí ló fẹ́ ba agbanisíṣẹ́ lẹ́rù nínú ìyẹn? Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ fi ṣe kókó. Abala 9 sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi àìwọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ lé ènìyàn nítorí pé ó wà nínú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kan ti wà láti ìgbà pípẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kẹ́míkà, bàtà, rọ́bà àti awọ. Lọ́dún 2023 ni àwọn tó ń fi áàpù gbé èrò náà gba ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ tiwọn.

Òfin ọdún 2024 ní kí wọ́n máa tún owó oṣù tó kéré jù lọ gbé yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, èyí tó túmọ̀ sí pé ọdún 2027 ni èyí tó kàn. Iye owó ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń fà mọ́ ìjọba lọ́wọ́ jù nígbà irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tó yọ oníwákàtí díẹ̀ sílẹ̀, àti èyí tó yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀, wà nínú òfin kan náà tí wọn yóò gbé sórí tábìlì.